Kíkun ike ní ọ̀dà fún ilé àwọn ẹranko afàyàfà

Kíkun ike ní ọ̀dà fún ilé àwọn ẹranko afàyàfà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tó ń sin ejò, alángbá, ọmọńlé, ọ̀gà tàbí ahun máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn kan àpótí tí ẹranko náà yóò máa gbé. Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí kíkun ògiri tàbí àga ni pé ẹranko inú àpótí náà kò lè jáde kúrò níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ni ó ń mí, ògiri rẹ̀ ni ó ń fi ara àti ahọ́n kàn, iná ìmúgbóná sì ń gbé ìwọ̀n ooru ibẹ̀ sókè lójoojúmọ́. Nítorí náà, orí ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ náà dúró lé: ṣé ọ̀dà náà yóò lẹ̀ mọ́ ike dáadáa, ṣé kò sì ní pa ẹranko náà lára?

Ìdí tí wọ́n fi ń kun ilé náà

Ọ̀pọ̀ àpótí ike tí wọ́n ń tà fún ìkẹ́rùsí ni ojú ń ríran kọjá nínú wọn. Ejò tó jẹ́ pé inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni ó ń sá pamọ́ sí nínú igbó kì í ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ilé tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Python regius, erè kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ibùgbé rẹ̀, láti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ó wà nínú Àfikún Kejì àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣàkóso òwò àwọn ẹ̀dá inú igbó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Lónìí ó wà lára àwọn ejò tí wọ́n ń sìn jù lọ nínú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, inú àpótí ike sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpótí náà, tí wọ́n sì fi iwájú nìkan sílẹ̀, ejò náà yóò rí ibi tí ó lè fara pamọ́ sí.

Ìdí kejì ni òjìji ara ẹni. Àwọn alángbá kan, pàápàá akọ Pogona vitticeps, alángbá onírùngbọ̀n tó ti Ọsirélíà wá, lè rí àwòrán ara wọn lára ògiri tó ń dán kí wọ́n sì rò pé ọ̀tá ni. Ọ̀dà tí kò dán máa ń mú èyí kúrò. Ìdí kẹta ni ẹwà, kí ilé náà lè jọ aṣálẹ̀, igbó tàbí àpáta tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ìtàn

Kíkun ilé àwọn afàyàfà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ike. Ní ọdún 1849 ni ọgbà ẹranko ìlú London ṣí ilé àwọn afàyàfà tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ lọ wò, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ọgbà náà ṣí ilé tuntun ní ọdún 1927. Joan Beauchamp Procter (1897–1931), tó jẹ́ alábòójútó àwọn afàyàfà níbẹ̀, ló ṣe ètò inú rẹ̀: wọ́n lo ìmúgbóná oníná mànàmáná, wọ́n mọ àpáta àtọwọ́dá, wọ́n sì kun àwòrán ilẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn àpótí. Nígbà tí ike di ohun tó pọ̀ tó sì wọ́pọ̀ lọ́jà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, àwọn tó ń sin afàyàfà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rọ́pò pákó, nítorí pé ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí pákó pẹ́ kó tó jẹrà.

Irú ike àti bí ọ̀dà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn

Kì í ṣe gbogbo ike ni ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́. Ohun tó ń pinnu èyí ni agbára ojú, ìyẹn bí mólékù tó wà lójú ike ṣe ń fa ohun olómi tó bá kàn án mọ́ra tó. Wọ́n ń fi ìwọ̀n mN/m sọ ọ́. Polyethylene ní nǹkan bí 31, polypropylene ní nǹkan bí 30, PVC líle ní nǹkan bí 39, ABS àti polycarbonate sì lé ní 40. Omi lásán ní nǹkan bí 72. Bí ti ike bá ṣe kéré sí ti ọ̀dà tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà yóò ṣe máa ṣù jọ bí omi lórí ewé kókò, dípò kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta ní ìdí ọ̀pọ̀ ohun èlò ike ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ irú ike tó jẹ́. Ọdún 1988 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé ètò nọ́ńbà náà kalẹ̀:

1 – PET, ike ìgò omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n bá fi sáńpépà ha á.
2 – HDPE, polyethylene líle. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn bọ̀rọ̀.
3 – PVC. Èyí tó le máa ń gba ọ̀dà dáadáa. Èyí tó rọ̀ ní òróró ìmúrọ̀ nínú, òróró náà sì lè jáde wá sójú kí ó sọ ọ̀dà di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.
4 – LDPE, polyethylene rírọ̀. Ó ṣòro láti kùn bíi HDPE.
5 – Polypropylene. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ àpótí ìkẹ́rùsí, ó sì wà lára èyí tó ṣòro jù láti kùn.
6 – Polystyrene, yálà èyí tó le tàbí fóòmù. Ó máa ń gba ọ̀dà, ṣùgbọ́n tínà máa ń yọ́ ọ.
7 – Àwọn ike yòókù, bíi ABS, acrylic àti polycarbonate. Wọ́n sábà máa ń gba ọ̀dà, àmọ́ acetone lè mú kí wọ́n sán tàbí kí ojú wọn di funfun.

Fún nọ́ńbà 2, 4 àti 5, àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń lo ohun ìlẹ̀mọ́ kan tó ní chlorinated polyolefin nínú, èyí tí wọ́n máa ń fín sójú ike kí wọ́n tó kùn ún. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò fún bọ́ńpà ọkọ̀, nítorí pé polypropylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n tún máa ń fi ọwọ́ iná gáàsì ra ojú ike kọjá ní wàràǹṣeṣà kí agbára ojú rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọ̀nà kejì yìí wà fún ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú ilé, ó lè yọ́ ike tàbí kí ó dá iná sílẹ̀.

Inú tàbí ìta

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ọ̀dà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pinnu ojú tí yóò kùn. Bí ike náà bá mọ́ gaara, kíkun ojú ìta rẹ̀ ni ọ̀nà tí ewu rẹ̀ kéré jù. Àwọ̀ yóò hàn láti inú, ike fúnra rẹ̀ yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí ògiri láàárín ọ̀dà àti ẹranko. Èékánná kò ní ha á, ahọ́n kò ní kàn án, omi tí wọ́n ń wọ́n sínú ilé náà kò sì ní bọ́ ọ. Ọ̀nà yìí kò gba fáníìṣì kankan nínú.

Kíkun inú máa ń di dandan nígbà tí ike náà bá ṣú, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àpáta àtọwọ́dá hàn bí àpáta gidi. Níbi tí ẹranko ń mu omi, àti ibi tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ ènìyàn lọ sí iná ìmúgbóná, ó sàn kí wọ́n má kùn ún rárá.

Mímúra ojú ike sílẹ̀

Bí ọ̀dà bá ń bó, mímúra sílẹ̀ ni ẹ̀bi sábà máa ń wà. Ike tuntun ní òróró lára, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń mú kí ó jáde nínú ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀lé nìyí:

Àkọ́kọ́, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ ike náà, wọ́n á fi omi mímọ́ ṣàn án, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Èkejì, wọ́n á fi sáńpépà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín 220 sí 400 ha ojú rẹ̀ títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ ike náà; ìlà kéékèèké tí ọ̀dà lè di mú ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá fi omi sí sáńpépà náà, eruku ike kò ní fò sókè wọ imú.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á nu eruku kúrò, wọ́n á sì fi aṣọ mímọ́ tí wọ́n rẹ sínú isopropyl alcohol nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà yìí lọ, ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́, nítorí òróró ara ènìyàn. Acrylic nìkan ni kò yẹ kí wọ́n fi alcohol nù, nítorí ó lè sán wẹ́wẹ́. Omi ọṣẹ tó fún un.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á kán omi díẹ̀ sójú ike náà. Bí omi bá tẹ́, ojú náà ti ṣe tán. Bí ó bá ṣù jọ, ó ku òróró lára rẹ̀, tàbí kí ike náà jẹ́ irú èyí tó nílò ohun ìlẹ̀mọ́.

Yíyan ọ̀dà

Ọ̀dà acrylic olómi ni wọ́n sábà máa ń lò fún inú, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dà olóròóró máa ń tú kẹ́míkà tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún ike, máa ń ní tínà tó ń jẹ ojú ike díẹ̀ kí ó lè wọnú rẹ̀. Ó dára lára PVC líle àti ABS, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ fún fóòmù polystyrene.

Òjé ni ohun tó yẹ kí wọ́n yẹra fún jù lọ. Láti ọdún 2009 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé òjé inú ọ̀dà ilé kò gbọ́dọ̀ ju ìpín 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀dà àtijọ́, àti ọ̀dà tí kò ní àkọlé, lè ní jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn àwọ̀ ayàwòrán kan, pàápàá pupa àti ìyeyè, tún máa ń ní cadmium nínú. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 71-3 wà fún ohun ìṣeré ọmọdé, ó sì ń fi òté lé ìwọ̀n òjé, cadmium àti irú wọn tó lè jáde lára ohun náà. Ọ̀dà tó bá ìlànà yìí mu ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin afàyàfà máa ń wá. Síbẹ̀, nítorí ọmọ ènìyàn ni wọ́n ṣe ṣe ìlànà náà. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹranko tó ń gbé inú àpótí gbígbóná ní wákàtí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́.

Kíkùn

Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju ọ̀dà kan tó nípọn lọ. Èyí tó nípọn máa ń gbẹ lójú kí inú rẹ̀ tó gbẹ, á wá há kẹ́míkà mọ́nú. Bí ike bá jẹ́ nọ́ńbà 2, 4 tàbí 5, ohun ìlẹ̀mọ́ ni yóò ṣáájú, ọ̀dà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láàárín àkókò tí àkọlé rẹ̀ sọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà àkọ́kùn, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ gan-an. Fún àpáta, wọ́n máa ń fi àwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ra àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lé orí ibi tó yọ síta, kí ihò àti kọ̀rọ̀ lè dúró ní ṣíṣú.

Àwọ̀ tún kan ọ̀rọ̀ ooru. Ojú dúdú máa ń gba ooru sára ju ojú funfun lọ. Pogona vitticeps nílò ibi ìyáàrùn tó tó nǹkan bí 40°C. Bí wọ́n bá kun ibẹ̀ ní dúdú, ó lè gbóná ju èyí lọ láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ iná. PVC líle sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 80°C. Nítorí náà, lẹ́yìn kíkùn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n ooru ojú náà wọ̀n.

Gbígbẹ lójú àti gbígbẹ dénú

Ọ̀dà tí kò lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ mọ́ ti gbẹ lójú ni. Kò tíì gbẹ dénú. Nínú ọ̀dà acrylic olómi, omi ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀kúnrín ike kéékèèké inú rẹ̀ á wá para pọ̀ di awọ kan ṣoṣo. Wákàtí kan lè tó kí ó gbẹ lójú, ṣùgbọ́n kí ó gbẹ dénú lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Fáníìṣì polyurethane olómi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà epoxy alápá méjì, tí kì í gbẹ nípa ọ̀yẹ́ bí kò ṣe nípa ìpapọ̀ kẹ́míkà, sábà máa ń gbà tó ọjọ́ méje, bí wọ́n bá wọn apá méjèèjì ní ìwọ̀n tó tọ́. Òtútù àti ọ̀rinrin máa ń fa gbogbo àkókò wọ̀nyí gùn.

Àkókò ìdúró yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gé kúrú, òun sì ni ìlera ẹranko náà rọ̀ mọ́ jù. Ooru máa ń mú kí kẹ́míkà jáde kíákíá, àpótí tó ní ihò atẹ́gùn kékeré sì máa ń há a mọ́nú. Àwọn afàyàfà kò ní iṣan ìmí lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró bíi ti ènìyàn, tí wọ́n ìbá fi wúkọ́ ohun tó bá dí wọn lọ́nà ọ̀fun jáde dáadáa. Àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró sì máa ń gbilẹ̀ lára wọn kí àmì rẹ̀ tó hàn.

Dídán an wò

Ìdánwò mẹ́ta ló yẹ kí ilé náà yege kí ẹranko tó wọlé.

Ti lílẹ̀mọ́: ìlànà ISO 2409 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ń tẹ̀ lé. Wọ́n á fi abẹ fa ìlà mẹ́fà sójú ọ̀dà, wọ́n á fa mẹ́fà mìíràn dábùú wọn, wọ́n á wá wo bí àwọn igun kéékèèké àárín wọn ṣe bó tó. Ipò 0 ni pé kò bó rárá. Ipò 5 ló burú jù. Nínú ilé, wọ́n lè ṣe irú èyí lórí àjákù ike kan náà, kí wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọn, kí wọ́n sì já a kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti òórùn: wọ́n á ti àpótí náà pa, wọ́n á tan iná ìmúgbóná fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì ṣí i kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn ọ̀dà bá ṣì wà, ilé náà kò tíì ṣe é gbé. Ìdánwò yìí kò pé, nítorí pé imú ènìyàn kì í gbọ́ òórùn gbogbo kẹ́míkà. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè rọ́pò iye ọjọ́ tí àkọlé ọ̀dà sọ.

Ti omi: wọ́n á fi aṣọ tútù funfun nu ojú ọ̀dà. Àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ wá sára aṣọ.

Fóòmù polystyrene

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sínú páálí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbẹ́ àpáta, nítorí pé ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́. Tínà, acetone àti ọ̀dà inú agolo máa ń yọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì ìdí táìsì tí wọ́n pò mọ́ omi bò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi acrylic olómi kùn ún. Ìbòrí yìí tún ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrẹ̀ àti ìdin mealworm tí wọ́n ń fi bọ́ alángbá, nítorí pé wọ́n máa ń họ fóòmù jẹ. Fóòmù yìí máa ń gbiná kíákíá, nítorí náà iná ìmúgbóná gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, kí ó sì ní àgò onírin.

Ewu fún ẹni tó ń kùn ún

Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fín ọ̀dà. Ìbomú aṣọ lásán ń dá eruku dúró, kò lè dá òórùn tínà dúró. Ìbomú tó ní àsẹ́ èédú ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà polyurethane alápá méjì ní isocyanate nínú, èyí tó lè fa àìsàn asthma fún ẹni tó ń fín in, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé. Bí wọ́n bá ń kùn, ẹranko kò gbọ́dọ̀ sí nínú yàrá náà.

Ìtọ́jú àti ọ̀nà mìíràn

Ọ̀dà tó bá ń bó gbọ́dọ̀ kúrò nílé ẹranko, nítorí pé ẹranko lè gbé ègé rẹ̀ mì pẹ̀lú oúnjẹ, ègé náà sì lè dí ìfun rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ ni wọ́n ń fi nu ojú tí wọ́n kùn. Tínà àti kànìnkànìn onírin máa ń bà á jẹ́. Bí ẹranko bá ń ya ẹnu mí, bí ikun bá ń jáde ní imú tàbí ẹnu rẹ̀, tàbí bí kò bá jẹun mọ́ lẹ́yìn tó wọ ilé tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Fún polyethylene àti polypropylene, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sàn kí wọ́n má kùn ún rárá. Wọ́n lè lẹ ìwé aláwọ̀ mọ́ ìta àpótí náà, wọ́n lè ra ike tí wọ́n ti pa láró láti ilé-iṣẹ́, tàbí kí wọ́n gbé pákó èèpo igi dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú. Sílíkónì kì í lẹ̀ mọ́ irú ike méjèèjì yìí dáadáa, nítorí náà ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n fi ṣúrúù dè é.